Léètì fún ẹ̀yìnkùlé: kékeré tuntun ti Ṣáínà ni àbí tòkunbọ̀ ńlá ti Ìlú Ọba?

Ayọ̀_Ògbómọ̀ṣọ́:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Mo fẹ́ kí ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí n tó náwó.

Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo wà, lápá Tákìí. Iṣẹ́ ìjórin ni mo kọ́. Mo ti ní ẹ̀rọ ìjórin, gíríńdà ọlọ́wọ́ àti fáìsì kan. Iṣẹ́ tó ń wọlé fún mi jù ni ti ẹ̀rọ ìlọta: ṣáàfù tí bẹ́ríìnì ti jẹ, pùlì tí ihò rẹ̀ ti fẹ̀, bọ́ọ̀ṣì tó ti gbó. Àwọn tó ń ṣe gààrí náà máa ń gbé ẹ̀rọ ìrin gbáàgúdá wá. Gbogbo ìgbà ni mo ń gbé ṣáàfù lọ fún táánà nígboro, ẹni tó ń fi ẹ̀rọ léètì yí irin kó lè gé e, màá dúró títí ọwọ́ rẹ̀ á fi dilẹ̀, ìdajì èrè mi ló sì ń lọ síbẹ̀.

Yàrá kan wà lẹ́yìn ilé wa, ẹsẹ̀ bàtà 10 sí 12, kọnkéré ni wọ́n fi ṣe ilẹ̀ rẹ̀. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ gbé léètì sí. Méjì ni mo ń wò. Ọ̀kan ni kékeré tuntun ti Ṣáínà, èyí tí wọ́n ń pè ní 7x14, tí èèyàn méjì lè gbé. Èkejì ni Colchester Student, tòkunbọ̀ ti Ìlú Ọba, tí ẹnì kan ń tà ní Owódé Onírin l'Ékòó. Wọ́n ti fi ọ̀dà aláwọ̀ ewé kùn ún, ó ń dán. Iná tirí-féèsì (okùn iná mẹ́ta) ló ń lò, síńgù-féèsì (okùn iná kan) ló sì wọ ilé wa. Owó àjọ mi ká kékeré yẹn. Tó bá jẹ́ ńlá ni, màá yá owó kún un lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa.

Èwo ni kí n mú? Kí ni kí n sì wò lára tòkunbọ̀ kí wọ́n má bàa fi ọ̀dà bò mí lójú? Ẹ ṣeun.

Bàbá_Táánà_Àpáta:

Àbúrò, o kú làálàá. Iṣẹ́ táánà ni mo fi tọ́ àwọn ọmọ mi, léètì sì wà lẹ́yìn ilé mi n'Ìbàdàn títí dòní. Jẹ́ kí n fara balẹ̀ bá ọ sọ ọ́, torí owó tó o fẹ́ ná yìí, owó ẹgbẹ́ wà níbẹ̀.

Gbé ọ̀rọ̀ Ṣáínà àti Ìlú Ọba sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná. Mú tépù, lọ wọn iṣẹ́ tó ń wọlé fún ọ. Ọ̀pọ̀ ṣáàfù ẹ̀rọ ìlọta tí wọ́n ń gbé wá bá mi kì í kéré sí íńṣì kan, ìyẹn bí 25 mm. Ihò tó la inú spindle (ọ̀pá tó ń yí irin) léètì 7x14 já, nǹkan bí 20 mm ni. Ṣáàfù rẹ ò ní gba ibẹ̀ kọjá. Gbogbo gígùn rẹ̀ ló máa wà níta, láàárín chuck (ẹnu tó ń di irin mú) àti tailstock (orí ẹ̀yìn tó ń ti irin). Íńṣì 14 tí wọ́n kọ síbẹ̀ náà, tó o bá ti de chuck mọ́ iwájú, tó o tún ti center (ṣóńṣó tó ń ti irin) bọ ẹ̀yìn, kò ní pé íńṣì 14 mọ́. Pùlì wá ńkọ́? 7 tó ṣáájú yẹn ni fífẹ̀ ohun tó lè yí láìgbá bẹ́ẹ̀dì (ojú irin gígùn tó wà nísàlẹ̀). Pùlì íńṣì 8 ò lè yí níbẹ̀ rárá, àbí kí ni wàá máa sọ fún oníbàárà?

Léètì kékeré yẹn ò burú fún ẹni tó bá yẹ. Ẹni tó ń tún maṣíìnì ìránṣọ ṣe, tàbí tó ń gé bọ́ọ̀ṣì wẹ́wẹ́ fún ọ̀kadà, á jẹun lórí rẹ̀, síńgù-féèsì ló sì ń lò. Àmọ́ ọ̀pọ̀ wọn ló ní gíà oníke nínú. Tí túùlù bá há mọ́ irin lójijì, eyín gíà náà á ká. Fún ẹ̀rọ ìlọta àti ẹ̀rọ gààrí, mi ò ní gbà ọ́ níyànjú láti rà á.

Colchester Student bá iṣẹ́ rẹ mu. Ihò spindle rẹ̀ ju 30 mm lọ, ohun tó fẹ̀ tó íńṣì 12 lè yí lórí rẹ̀. Kò túmọ̀ sí pé kó o ra èyí tí wọ́n fi hàn ọ́ o. Bẹ́ẹ̀dì ni kó o wò, má wo ọ̀dà.

Bó o ṣe máa wò ó nìyí. Mú àkísà àti kẹrosíìnì dání, nu bẹ́ẹ̀dì mọ́ láti iwájú dé ẹ̀yìn. Fi èékánná wọ́ ọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí saddle (ohun tó ń gbé túùlù) ti ń rìn, nítòsí chuck. Tí èékánná rẹ bá kọ́ gegele, irin ti jẹ níbẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, wa saddle wá sítòsí chuck, torí ibẹ̀ ni gbogbo iṣẹ́ ti ń wáyé látọdún tí wọ́n ti ń lò ó. Bóòtù kan wà lórí saddle tí wọ́n fi ń tì í pa. Fún un díẹ̀díẹ̀ títí saddle á fi wúwo lọ́wọ́ rẹ, ṣùgbọ́n kó ṣì máa rìn. Wá máa fi wíìlì wà á lọ sápá tailstock, má tú bóòtù náà. Tó bá rìn bákan náà dé òpin, bẹ́ẹ̀dì ṣì dúró ire. Tó bá há gbagidi lójú ọ̀nà, a jẹ́ pé iwájú ti jẹ, ẹ̀yìn ò tíì jẹ. Ṣáàfù tó o bá gé lórí irú rẹ̀ á sanra lápá kan ju èkejì lọ. Bẹ́ríìnì á máa yọ̀ lápá kan, wọ́n á máa fi òòlù gbá a wọlé lápá kejì, láìpẹ́ oníbàárà á tún gbé e padà wá.

Ẹni tó ń tà á lè sọ pé gíríìsì ló gbẹ. Gíríìsì kì í gbẹ lójú kan kó má gbẹ lójú kejì. Má dá a lóhùn.

Spindle ló kàn. De ọ̀pá irin tó nípọn mọ́ chuck, kó yọ síta tó ẹsẹ̀ bàtà kan. Gbé dial gauge (aago abẹ́rẹ́ tó ń wọn ìmì) lé e nítòsí chuck, kó o wá fi ọwọ́ gbé ọ̀pá náà sókè, kó o tún tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀. Tí abẹ́rẹ́ gauge bá mì ju 0.03 mm lọ, bẹ́ríìnì ń fẹ́ fífún tàbí pípààrọ̀. Béèrè iye tí wọ́n ń ta bẹ́ríìnì spindle yẹn kó o tó dúnàádúrà, torí owó rẹ̀ lè ba ọ́ lẹ́rù. Kí wọ́n fi iná sí i lójú rẹ, kí wọ́n sì yí i dé gbogbo spíìdì. Tí wọ́n bá ní iná ò sí, bá wọn wá jẹnẹrétọ̀ yá. Gíà tí eyín rẹ̀ ti ká máa ń dún kọ, kọ, kọ, ó ń dún tẹ̀lé ìyípo. O ò lè ṣì í gbọ́.

Má sì ná gbogbo owó tán sórí léètì nìkan. Léètì láìsí chuck ẹlẹ́nu mẹ́rin ò lè ṣe iṣẹ́ tìrẹ. Pùlì tí ihò rẹ̀ ti yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹlẹ́nu mẹ́ta ò lè gbé e sáàárín. Ẹlẹ́nu mẹ́rin ni wàá fi máa tì í díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú dial gauge, títí á fi dúró ní àárín gan-an. Wàá tún nílò micrometer (ohun tí a fi ń wọn irin pérépéré) 0–25 mm àti 25–50 mm. Vernier dára, àmọ́ kì í ṣe ohun èlò tí a fi ń wọn ojú bẹ́ríìnì.

Ní ti spíìdì, túùlù HSS (irin líle tí a fi ń gé irin) ni kó o fi bẹ̀rẹ̀, kó o máa pọ́n ọn fúnra rẹ. Irin tútù (mild steel) lè gba kí ojú rẹ̀ sáré 30 mítà ní ìṣẹ́jú kan níwájú túùlù. Fi 318 sọ 30 di púpọ̀, kó o fi fífẹ̀ irin náà ní mm pín in. Fún ṣáàfù 25 mm, ó jẹ́ bí ìyípo 380 ní ìṣẹ́jú kan. Fún pùlì 200 mm tí wọ́n fi irin dídà (cast iron) ṣe, mú 20 dípò 30: kò ju ìyípo 32 lọ. Àwọn ọmọṣẹ́ tó ń yí pùlì ńlá ní spíìdì ṣáàfù, òórùn túùlù tó ń jó ni wọ́n fi ń mọ̀ pé ó ti bàjẹ́.

Irin tó o máa lò náà ṣe kókó. Má fi irin rọ́ọ̀dù ìkọ́lé ṣe ṣáàfù. Ojú kan lára rẹ̀ á rọ̀, ojú kejì á le. Half-shaft ọkọ̀ dára gan-an nínú, ṣùgbọ́n wọ́n ti fi iná mú ojú rẹ̀ le, túùlù HSS rẹ á kàn máa yọ̀ lójú rẹ̀. Ra irin tuntun fún ìyẹn, o máa sun oorun rẹ lálẹ́.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú_Coventry:

Ẹ kú àlàyé, bàbá. Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ pẹ́ fún wa.

Ẹ̀gbọ́n Ayọ̀, Ìlú Ọba ni mo wà, mo ní Boxford kékeré kan nínú gáréèjì. Níbí, àwọn ilé ẹ̀kọ́ ló lo púpọ̀ nínú àwọn Boxford àti Colchester Student wọ̀nyí láti fi kọ́ ọmọ níṣẹ́. Nígbà tí wọ́n ń pa yàrá iṣẹ́ ọwọ́ wọn dé, wọ́n tà wọ́n. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi lè rí èyí tó ti dàgbà lọ́jọ́ orí tí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ò tíì jẹ púpọ̀: ọmọ ilé ìwé kì í gé irin lé e lórí láti àárọ̀ dalẹ́. Èyí tó ti ilé iṣẹ́ wá ni kí ẹ máa fura sí. Àmọ́ ẹ wo ẹnu chuck àti orí compound slide (ibi tí wọ́n ń de túùlù mọ́) èyí tó ti ilé ìwé wá, torí ọmọ ilé ìwé máa ń jẹ́ kí chuck gbá a. Àpá rẹ̀ máa ń hàn.

Ọ̀rọ̀ tirí-féèsì yẹn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé. Kò yẹ kó dá yín dúró. Ohun tí wọ́n ń pè ní VFD máa gba iná síńgù-féèsì 230 wọlé, á sì tú u jáde ní tirí-féèsì 230. Ẹ kíyè sí i: 230 ló máa tú jáde, kì í ṣe 415. Torí náà ẹ ka plate (àwo kékeré tí wọ́n kọ nǹkan sí) tó wà lára mọ́tò iná. Tó bá kọ 220–240 àti 380–415 pa pọ̀, okùn mẹ́fà ló wà nínú àpótí rẹ̀. Wọ́n á pààrọ̀ bí wọ́n ṣe so ó láti star sí delta (ọ̀nà méjì tí a ń gbà so okùn mọ́tò), ó parí. Tó bá jẹ́ 415 nìkan ló kọ, tí okùn rẹ̀ ò ju mẹ́ta lọ, wọ́n ti di ojú ìdè star mọ́ inú wáyà. Ẹni tó ń wé mọ́tò lè wá ojú ìdè náà rí, kó sì fa okùn mẹ́ta yòókù jáde, àmọ́ kó jẹ́ ẹni tó mọṣẹ́ gan-an. Bí kò bá sí irú ẹni bẹ́ẹ̀ nítòsí, ẹ ra mọ́tò iná mìíràn tó ní 230/400.

Ẹ má fi suíìṣì kankan sáàárín VFD àti mọ́tò iná. Títan àti pípa léètì gbọ́dọ̀ máa gba ẹnu VFD fúnra rẹ̀. Àwọn kan máa ń fi suíìṣì àtijọ́ tó wà lára léètì sílẹ̀ síbẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n bá pa á nígbà tí iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́, VFD lè jó.

VFD tún ní àǹfààní kan fún ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ilé: mọ́tò iná tí wọ́n kàn tàn gbà máa ń fa iná ìlọ́po márùn-ún sí méje iye tó kọ sí plate rẹ̀ nígbà tó bá ń gbéra, ìyẹn ló ń fún jẹnẹrétọ̀ lọ́rùn. VFD á rọra gbé e sókè láàárín ìṣẹ́jú àáyá bíi márùn-ún, kò ní fà á bẹ́ẹ̀.

Tí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ ta léètì tó ti Amẹ́ríkà wá fún yín, ẹ rántí pé 60 Hz (iye ìgbà tí iná ń mì ní ìṣẹ́jú àáyá kan) ni iná wọn, 50 Hz ni tiwa. Mọ́tò iná rẹ̀ á pàdánù ìdá kan nínú mẹ́fà eré rẹ̀ tí wọ́n bá so ó mọ́ iná wa tààrà.

Àǹtí_Alájórin_Òṣogbo:

Àbúrò mi, wọ́n ti bá ọ sọ̀rọ̀ léètì. Èmi fẹ́ béèrè: dírílì orí tábìlì ńkọ́, àti gíríńdà orí tábìlì? Mi ò rí wọn nínú ohun tó o ní. Bàbá ní kó o máa pọ́n túùlù fúnra rẹ. Orí kí ni wàá ti pọ́n ọn? Dírílì tí chuck rẹ̀ gba 16 mm àti gíríńdà olókùúta méjì ni kó o kọ́kọ́ rà nínú owó àjọ yẹn. Àwọn méjèèjì á ti máa pawó kó o tó rí léètì tó dáa rà. Má fi ọwọ́ di irin mú lábẹ́ dírílì. Fi fáìsì dì í, torí ìgbà tí bíìtì bá fẹ́ yọ sísàlẹ̀ ni ó máa ń gbá irin yí.

Ohun tó mú mi kọ̀wé gan-an ni gíríńdà ọlọ́wọ́. Ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù alájórin tí mo mọ̀, wọ́n ti tú ìbòrí ara gíríńdà íńṣì mẹ́rin àbọ̀ dànù kí díìsì íńṣì 7 lè wọ̀ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ara díìsì náà. Wọ́n kọ eré tó lè gbà sí i: èyí tó jẹ́ íńṣì 7 kì í sábà ju ìyípo 8,500 ní ìṣẹ́jú kan lọ. Gíríńdà kékeré yẹn ń sáré tó 11,000. Díìsì náà ò mọ̀ pé ẹ fẹ́ ṣe iṣẹ́ kíákíá. Tó bá fọ́, ojú àti ọrùn ẹni tó dì í mú ló kọ́kọ́ máa bá, ìbòrí tí ẹ tú dànù yẹn nìkan ló sì lè dá a dúró. Mo ń bẹ yín bí ẹni ń bẹ ọmọ ìyá rẹ̀. Àwọn ọmọṣẹ́ mi mọ̀ pé ẹni tó bá tú ìbòrí lọ́dọ̀ mi, ilé ló ń lọ lọ́jọ́ náà.

Nídìí léètì náà: má wọ ìbọ̀wọ́. Àwa alájórin ti mọ́ ìbọ̀wọ́ lára, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀ nídìí iná, ṣùgbọ́n ohun tó ń yí máa fà á, á sì fa ọwọ́ mọ́ ọn. Apá aṣọ gígùn, ẹ̀gbà ọrùn, aago ọwọ́, ìborùn tiwa obìnrin, gbogbo rẹ̀ ni kó o bọ́ sílẹ̀. Irin tí túùlù gé tó ń jáde gígùn bí okùn, ìkọ́ ni kó o fi fà á, má fi ọwọ́ kàn án. Kọ́kọ́rọ́ chuck ò gbọ́dọ̀ dúró sára chuck níwọ̀n ìgbà tí ọwọ́ rẹ ò bá sí lára rẹ̀, ì báà jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá kan.

Ayọ̀_Ògbómọ̀ṣọ́:

Ẹ ṣeun púpọ̀, bàbá, àǹtí, àti ẹ̀yin ará Coventry. Mo ti lọ sí Owódé, mo ti dé.

Colchester aláwọ̀ ewé yẹn há kí saddle tó dé ìdajì bẹ́ẹ̀dì. Ẹni tó ń tà á ní gíríìsì ló gbẹ, gẹ́lẹ́ bí bàbá ṣe sọ. Mo dúpẹ́, mo kúrò níbẹ̀. Ní ìsọ̀ kejì sí i, mo rí léètì Harrison kan tí ọ̀dà rẹ̀ ti bó, tí eruku bò. Mo nu bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, mo fún bóòtù saddle bí ẹ ṣe ní kí n ṣe é, ó rìn bákan náà dé ẹ̀yìn. Mo wọ̀n ọ́n láti àárín spindle sí bẹ́ẹ̀dì, íńṣì mẹ́fà àbọ̀. Wọ́n gbé jẹnẹrétọ̀ wá, ó yí ní gbogbo spíìdì láìdún. Plate mọ́tò iná kọ 220/380.

Ohun méjì ló kù tó ń kọ mí lóminú. Mo ṣí ilẹ̀kùn apá òsì, àwọn gíà kan ò sí níbẹ̀ mọ́. Èkejì, jẹnẹrétọ̀ mi ò ju 3.5 kVA lọ. Àti pé báwo ni kí n ṣe tọ́jú rẹ̀ nígbà ọyẹ́? Eruku títì ń wọ yàrá yẹn gan-an.

Bàbá_Táánà_Àpáta:

O ṣe dáadáa, àbúrò. Èyí tí ọ̀dà rẹ̀ bó yẹn ni kó o mú, tí gauge bá fọwọ́ sí spindle rẹ̀.

Jẹnẹrétọ̀ 3.5 á gbé e pẹ̀lú VFD tó o bá ń gé díẹ̀díẹ̀, kó o máà gé jìn. Ìgbà tí NEPA bá wà ni kó o ṣe iṣẹ́ tó lágbára. Tó o bá ríṣẹ́ ṣe dáadáa, wá èyí tó tó 5 kVA sókè.

Ní ti eruku, ọ́ìlì àti eruku ọyẹ́ tó bá pàdé lórí bẹ́ẹ̀dì ló ń lọ irin bí ìyanrìn. Alaalẹ́ ni kó o máa nù ún, fi ọ́ìlì tuntun nọ́ńbà 68 (bó ṣe ki tó) pa á, kó o fi aṣọ tó nípọn bò ó. Má fi ọ̀rá bò ó nígbà òjò, òógùn á wà lábẹ́ rẹ̀, ìpẹtà á sì bẹ̀rẹ̀. Ọ́ìlì tí wọ́n tú jáde lára ọkọ̀ ò gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀. Wúrú wúrú irin kún inú rẹ̀. Gíríńdà àti iṣẹ́ ìjórin rẹ, ìta ni kó o ti máa ṣe wọ́n. Má pọ́n nǹkan kan nínú yàrá kan náà pẹ̀lú léètì.

Nígbà tó o bá gbé e kalẹ̀, má fi bóòtù de ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ kọnkéré lọ́jọ́ kan náà. Fi àwo irin pẹlẹbẹ sábẹ́ ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan títí level (ohun tí a fi ń wo bí nǹkan ṣe tẹ́jú) á fi dọ́gba níwájú àti lẹ́yìn, ní ìbú bẹ́ẹ̀dì. Lẹ́yìn náà, de irin bí 40 mm mọ́ chuck láìfi tailstock tì í, kó yọ síta tó 150 mm. Gé ojú rẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lápá méjèèjì láìyí túùlù padà, kó o fi micrometer wọ̀n wọ́n. Tí ìwọ̀n méjèèjì ò bá dọ́gba, bẹ́ẹ̀dì ti lọ́ díẹ̀. Sún àwo irin abẹ́ ẹsẹ̀ apá tailstock, kó o tún gé e, títí wọ́n á fi dọ́gba. Ìgbà yẹn lo lè fún bóòtù.

Àwọn gíà tí kò sí yẹn, tí a fi ń gé tírẹ́ẹ̀dì, lo máa fi dúnàádúrà kí owó rẹ̀ wálẹ̀. Tí wọ́n bá gbé bóòtù ọkọ̀ tàbí ọ̀kadà Japan wá fún ọ, mílímítà ni tírẹ́ẹ̀dì èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Tí leadscrew léètì náà (ọ̀pá gígùn tó ń fa saddle nígbà tí a bá ń gé tírẹ́ẹ̀dì) bá jẹ́ ti íńṣì, gíà eléyín 127 ni wàá fi gé mílímítà kó pé pérépéré, torí íńṣì márùn-ún jẹ́ 127 mm gan-an. Òun ló sì máa ń sọnù jù, nítorí pé ó tóbi, wọ́n máa ń yọ ọ́ tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á bóyá ó wà nínú àpótí ibì kan nínú ìsọ̀ rẹ̀.

Kó o tó sanwó, ya àwòrán plate tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn gíà yẹn, kí nọ́ńbà rẹ̀ hàn dáadáa. Ka eyín gíà kọ̀ọ̀kan tó wà níbẹ̀, kó o kọ ọ́ sílẹ̀, kó o fi gbogbo rẹ̀ síbí. Màá sọ iye eyín àwọn tí kò sí fún ọ, wàá sì mọ iye tó yẹ kó yọ kúrò nínú owó.